Ẹ Jẹ́ Kí Kọ̀ǹpútà Ìlú Máa Fọhùn

Sí Olórí Ìlú Whitby àti àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ìlú. Sí àwọn tó ń darí ilé ìkàwé ìlú náà. Àti sí gbogbo ọmọ Yorùbá tó fi Brooklin ṣe ilé.

Ẹ̀yin ẹni ọ̀wọ̀,

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Mo fẹ́ kí gbogbo kọ̀ǹpútà tí a fi owó orí wa rà fún ìlò ará ìlú, bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀ka ilé ìkàwé tó wà ní òpópónà Vipond ní Brooklin, àdúgbò wa ní Whitby níbí, lè ka ohun tó wà lójú rẹ̀ sókè fún ẹni tí kò ríran, kí ẹni náà sì lè pe ohùn yẹn jáde fúnra rẹ̀, láì kọ́kọ́ wá ẹni tó ríran tí yóò bá a tẹ bọ́tìnnì. Mo sì fẹ́ kí ẹ gbé iṣẹ́ náà karí àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí kóòdù wọn ṣí sílẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́, tí ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ wò, tí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n sì lè tún ṣe. Ìdí tí mo fi so méjèèjì pọ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nìkan ni. Debian jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà tó pẹ́ jù lọ ti Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bí Windows ti ń ṣe. Ọdún 1993 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e sórí kọ̀ǹpútà yóò ki fláàṣì bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yóò sì tan ẹ̀rọ náà. Láìpẹ́ ẹ̀rọ yóò dún láti fi hàn pé òun ti ń retí àṣẹ. Bí ó bá tẹ lẹ́tà s, tó tẹ Enter lé e, ohùn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìbéèrè kọ̀ọ̀kan fún un: èdè wo lo fẹ́, orílẹ̀-èdè wo lo wà, kí ni ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ. Yóò máa dáhùn lọ bẹ́ẹ̀ títí iṣẹ́ yóò fi parí. Láti ìgbà tí Debian 6 ti jáde ní ọdún 2011 ni èyí ti ṣeé ṣe. Nígbà tó yá, àwọn tó ń ṣe é tún fi nǹkan kan kún un tó wú mi lórí gan-an: bí ẹnikẹ́ni kò bá tẹ bọ́tìnnì kankan fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 30, ohùn yóò bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ ro ìyẹn dáadáa. Níbi púpọ̀ láyé, ẹni tí kò ríran ló máa ń ṣe wàhálà àfikún kó tó lè bá ẹgbẹ́ pé. Níbí, ẹni tó ríran ni yóò tẹ bọ́tìnnì bí kò bá fẹ́ gbọ́ ohùn.

Bí ìgbékalẹ̀ bá ti parí, ètò kan tó ń jẹ́ Orca ni yóò gba iṣẹ́ náà. Lórí Ubuntu, ẹ̀yà Linux mìíràn, àti níbikíbi tí GNOME, ètò tó ń to ojú kọ̀ǹpútà Linux, bá wà, bọ́tìnnì mẹ́ta tí a tẹ̀ pa pọ̀ ló ń pè é: Super (tó máa ń ní àmì Windows), Alt àti S. Orca ń gbọ́ ohun tí ètò kọ̀ọ̀kan ń sọ nípa ara rẹ̀, pé bọ́tìnnì nìyí, àpótí ìkọ̀wé nìyí, ìlà kẹta nínú mẹ́wàá nìyí, ó sì ń gbé e fún eSpeak NG tó ń fọhùn. Ẹni náà ki íápíìsì sétí, ó ń ka lẹ́tà rẹ̀ lórí LibreOffice tàbí ìwé ìròyìn lórí Firefox. Kò sí ìwé àṣẹ tí a ń rà, kò sí owó ọdọọdún. Mo ṣe àlàyé yìí kí ó lè yé wa pé ibi tí kọ̀ǹpútà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọhùn ṣe pàtàkì ju bí ohùn náà ti dára tó lọ. Ètò tó ń kàwé bí ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé ẹni tó ríran ló gbọ́dọ̀ wá tàn án, kò tíì sọ ẹnikẹ́ni di òmìnira.

Ẹ̀yin ará ilé, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ojú lọba ara, ọba yìí sì wà nínú ewu láàárín wa ju bí a ti ń rò lọ. Àwọn oníṣègùn ti fi ìwádìí hàn léraléra pé glaucoma, àìsàn ojú tó ń jí ìríran gbé díẹ̀díẹ̀ láìdun ènìyàn, ń bá àwọn tó ṣẹ̀ wá láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jà ju àwọn òyìnbó lọ, ó sì máa ń tètè dé bá wọn. Àwọn ìyá àti bàbá tí a ń mú wá láti Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Èkó wà nínú rẹ̀, àwa náà tí irun orí wa ti ń funfun wà nínú rẹ̀. Ní Kánádà, ẹni tí kò bá lè lo kọ̀ǹpútà ti há: orí íntánẹ́ẹ̀tì ni a ti ń béèrè owó ìfẹ̀yìntì, ibẹ̀ la ti ń wá iṣẹ́, ibẹ̀ la ti ń gba àyè lọ́dọ̀ dókítà. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran mọ́ a wá di ẹni tó ń fi nọ́ńbà àṣírí báńkì rẹ̀ lé ọmọ-ọmọ lọ́wọ́. A lè máa pè é ní ìfẹ́ ìdílé, ṣùgbọ́n àgbàlagbà tó gbọ́dọ̀ ka àṣírí ara rẹ̀ síta kó tó rí owó rẹ̀ gbà ti pàdánù nǹkan kan tí ọmọ kò lè san án padà.

Ẹ má ṣe rò pé nǹkan àjèjì ni mò ń gbé wá sí Ontario, ìpínlẹ̀ wa. Speakup, ètò tó ń mú kí Linux fọhùn láti inú gbùngbùn rẹ̀ gan-an, ọwọ́ Kirk Reiser ló ti jáde ní nǹkan bí 1998, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Western Ontario, ní ìlú London tiwa níbí. Ní ọdún 2020, lẹ́yìn tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ní abala ìdánwò, wọ́n gbé e wọ àárín Linux 5.9 ní tòótọ́, ó sì ti bá a rin ìrìn-àjò dé gbogbo ibi tí Linux wà láyé. Ní Yunifásítì Toronto, ilé iṣẹ́ ìwádìí tí Jutta Treviranus ń darí nígbà náà ló ṣe kíbọ́ọ̀dù ojú kọ̀ǹpútà tí GNOME lò fún àwọn tí ọwọ́ wọn kò ṣiṣẹ́ dáadáa. Láti 1872 ni ìpínlẹ̀ yìí ti ní ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ tí kò ríran ní Brantford. Ilé ni ìmọ̀ yìí ti wá. Ohun tó kù ni kí ó dé orí tábìlì ní Brooklin.

Òfin sì wà lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀ yìí. Ní 2005, àwọn aṣòfin Ontario ṣèlérí pé nígbà tí yóò bá fi di ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025, gbogbo ìpínlẹ̀ yìí yóò ti ṣí sílẹ̀ fún àwọn tó ní ìpèníjà ara. Ọjọ́ náà ti kọjá, gbogbo wa sì mọ̀ pé ìlérí náà kò tíì ṣẹ. Ìlànà tó bá òfin yẹn rìn pàṣẹ fún ìjọba ìlú pé bí wọ́n bá fẹ́ ra ohun èlò, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn wọ̀nyí sínú òṣùwọ̀n tí wọn yóò fi yan èyí tí wọn yóò rà, àyàfi bí kò bá ṣeé ṣe. "Àyàfi bí kò bá ṣeé ṣe" yìí ni ilẹ̀kùn tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba ń gbà sá jáde, owó sì ni àwáwí tó máa ń kọ́kọ́ yọ lẹ́nu. Ètò tó jẹ́ ọ̀fẹ́, tó ti wà lórí ẹ̀rọ kí ẹnikẹ́ni tó béèrè, ló lè ti ilẹ̀kùn yẹn pa.

A ti rí i ní Toronto bí àwáwí ṣe máa ń ná ni lówó ju iṣẹ́ lọ. David Lepofsky, agbẹjọ́rò tí kò ríran, bẹ TTC, iléeṣẹ́ ọkọ̀ èrò Toronto, pé kí wọ́n máa pe orúkọ ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan sókè. Wọn kò gbà. Ní 2005 ìgbìmọ̀ onídàájọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn pàṣẹ pé kí ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ máa pè é. Ó tún di ọdún 2007 kí wọ́n tó pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ lórí bọ́ọ̀sì. Nǹkan bí $450,000 ni TTC ná sórí àwọn agbẹjọ́rò láti bá ẹjọ́ méjèèjì yìí jà, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí ọkùnrin náà ń béèrè kò ju kí awakọ̀ la ẹnu. Lónìí, ta ni kò jàǹfààní ohùn yẹn? Àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti pápákọ̀ òfurufú Pearson dé ń gbọ́ ọ, ìyá arúgbó tí kò mọ̀ọ́kà ń gbọ́ ọ, òṣìṣẹ́ tó ti sùn lọ lórí ìjókòó ń gbọ́ ọ. Bákan náà ni Donna Jodhan, obìnrin Toronto tí kò ríran, pe ìjọba àpapọ̀ lẹ́jọ́ pé òun kò lè fi ojú-ewé wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì wá iṣẹ́ ìjọba. Adájọ́ dá a láre ní oṣù kọkànlá ọdún 2010, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì fọwọ́ sí ìdájọ́ náà ní 2012. Ẹjọ́ méjèèjì ti fi ọ̀nà han ẹnikẹ́ni tó bá wà nípò àṣẹ: ó sàn kí a ṣe é kí wọ́n tó fi ipá mú wa.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn yóò sọ. Yóò ní kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tó ń fọhùn, tí a gbé sí igun kan, ti tó, nítorí àwọn tó nílò rẹ̀ kò pọ̀. Èsì mi ni pé kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo máa ń bàjẹ́, ẹni tó ríran sì lè jókòó sí i nígbà tí ẹni tó nílò rẹ̀ dé. Ó tún ń sọ fún ẹni tí kò ríran pé kó wá béèrè, kó wá ṣàlàyé ara rẹ̀, kó dúró de ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́. Àwọn tí ojú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ, tí wọn kò sì tíì gbà fún ara wọn pé ó ń lọ, kò ní béèrè láéláé. Wọn yóò kàn ṣíwọ́ wíwá ni. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ẹ̀rọ bá ní ohùn, tí bọ́tìnnì mẹ́ta kan náà ń pè é lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n lè dán an wò wẹ́rẹ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni ń wò wọ́n.

Ẹlòmíràn yóò ní: kí ló dé tí a kò fi lo ti Microsoft tàbí ti Apple? Ìbéèrè gidi nìyẹn. Láti 2005 ni Apple ti fi VoiceOver, ètò tó ń ka ojú ẹ̀rọ sókè, sínú kọ̀ǹpútà Mac láì gba owó lórí rẹ̀, Windows náà sì ní Narrator tirẹ̀. Èmi kò ní kí ẹ kó wọn dànù. Níbi tí Windows bá wà, ẹ fi ètò ìkàwé NVDA sí i, èyí tí Michael Curran, ọ̀dọ́mọkùnrin Ọsirélíà tí kò ríran, bẹ̀rẹ̀ ní 2006, tí James Teh, ọmọ Ọsirélíà bíi tirẹ̀ tí kò ríran, sì bá a ṣe, nígbà tó jẹ́ pé nǹkan bí $1,000 owó Amẹ́ríkà ni wọ́n ń ta JAWS, ètò ìkàwé tó gbajúmọ̀ jù nígbà náà. Ọ̀fẹ́ ni NVDA, kóòdù tirẹ̀ náà ṣí sílẹ̀, ó sì ti wà lára àwọn ètò tí àwọn tí kò ríran ń lò jù láyé. Ohun tí mò ń sọ ni pé ohun tí ìlú gbé ọjọ́ ayé àwọn ènìyàn kan lé kò yẹ kó wà lábẹ́ àṣẹ ẹni tó lè jí lọ́jọ́ kan kó ní òun kò ṣe mọ́. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Window-Eyes jẹ́ ètò ìkàwé tí ọ̀pọ̀ afọ́jú gbẹ́kẹ̀ lé lórí Windows fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n ta iléeṣẹ́ tó ni ín, ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ni JAWS, ní 2017 wọ́n sì pa á rẹ́. Àwọn tó ń lò ó kò ní kóòdù rẹ̀ lọ́wọ́, wọn kò lè gbà á là.

Ẹ fi ìyẹn wé Orca. Iléeṣẹ́ Sun Microsystems ló ń sanwó fún iṣẹ́ náà ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì bá GNOME 2.16 jáde ní 2006. Ní 2010 Oracle ra Sun, kò sì pẹ́ tí Willie Walker tó ń darí iṣẹ́ náà pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Ibi tí nǹkan ti iléeṣẹ́ máa ń kú sí nìyẹn. Orca kò kú, nítorí kóòdù rẹ̀ kì í ṣe ti Oracle láti pa. Joanmarie Diggs gbà á, ó ń bá a lọ, òun ló sì gbé e dé ibi tó wà lónìí. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá sọ fún yín pé ètò ọ̀fẹ́ kò ní ẹni tó ni ín, ẹ rántí pé èyí tó ní olówó ni olówó pa.

Àtakò kan wà tó wúwo ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ, àwọn tí kò ríran fúnra wọn ló sì gbé e dìde. Ní 2005 ìjọba ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà pinnu pé irú fáìlì tí ìlànà rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ni iléeṣẹ́ ìjọba yóò máa lò. Àwọn ẹgbẹ́ aláìríran yarí. Wọ́n ní ètò tí àwọn ń lò láti kàwé kò bá OpenOffice ìgbà náà, ètò tó ń ṣí irú fáìlì yẹn, ṣiṣẹ́ dáadáa, àti pé àwọn òṣìṣẹ́ tí kò ríran ni yóò san gbèsè òmìnira tí ẹlòmíràn ń jẹ. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ohun tí ariwo wọn bí sì dára: ẹ̀dà 1.1 irú fáìlì náà tó jáde ní 2007 wá tún ọ̀ràn wọn ṣe. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ti mọ̀ ọ́n lò, kí a sì jẹ́ kí àwọn tí kò ríran dán ohun gbogbo wò kí ìlú tó fọwọ́ sí i. Orca náà ní àlébù tirẹ̀. Ìyípadà láti orí X11, ètò ìgbàanì tó ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà Linux, sí Wayland tó ń rọ́pò rẹ̀ ti da nǹkan rú fún àwọn tó ń lò ó, iṣẹ́ sì ń lọ lórí rẹ̀. Ní 2023 Sovereign Tech Fund ti ìjọba Jámánì fún GNOME ní €1,000,000, iṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ àwọn tó ní ìpèníjà ara sì wà lára ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gbé e sílẹ̀. Bí Jámánì bá lè ka irú iṣẹ́ yìí sí ohun ìní ìlú bí afárá àti ojú ọ̀nà, Whitby lè ṣe tirẹ̀ níwọ̀n bí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ ohùn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ eSpeak NG lè sọ pé ó ń dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú agolo. Jonathan Duddington ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1995 lórí àwọn kọ̀ǹpútà kékeré Acorn, ìdí sì nìyẹn tó fi fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ti mọ̀ ọ́n lára kì í fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, nítorí ó lè sáré dé ọ̀rọ̀ 450 ní ìṣẹ́jú kan kí ó sì máa yé wọn, nígbà tí ohùn tó dùn bí ti ènìyàn máa ń dàrú bí eré bá pọ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé nínú àwọn èdè tó lé ní 100 tó ń sọ, Swahili wà níbẹ̀, Amharic, Oromo àti Setswana wà níbẹ̀, a kò sì tíì rí Yorùbá láàárín wọn. Àmì ohùn wa kọ́ ló fà á: Vietnamese àti èdè Ṣáínà, tí àwọn náà ń gbé ohùn sókè-sódò, wà nínú rẹ̀. Lára ohun tí èdè kan nílò láti wọlé ni fáìlì òfin ìpè àti fáìlì àkójọ ọ̀rọ̀, pẹ̀lú ẹni tó ní sùúrù. Onímọ̀ èdè Kọ́lá Túbọ̀sún àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi TTSYoruba hàn pé ẹ̀rọ lè sọ èdè wa. Ní 2020 Google ṣí àkójọ ohùn Yorùbá sílẹ̀ fún gbogbo ayé, iṣẹ́ àkójọ ohùn kan tó ń jẹ́ BibleTTS náà sì fi tirẹ̀ kún un ní 2022. Ohun èlò kò wọ́n wa mọ́. Ní Oshawa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, Yunifásítì Ontario Tech àti Durham College kún fún àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Lórí ètò tí kóòdù rẹ̀ ṣí sílẹ̀, wọn kò nílò àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó fi ohùn ìyá wọn kún un. Lórí ètò iléeṣẹ́, ẹ̀bẹ̀ nìkan ni wọ́n lè kọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò ní ná yín lówó. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft ṣíwọ́ àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún Windows 10, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó ṣì lágbára kò sì lè gba Windows 11. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tí ìlú bá ní, ẹ má ṣe kó wọn sọ sí ààtàn. Ẹ gbé Debian tàbí Ubuntu lé wọn pẹ̀lú ohùn, kí ẹ fi díẹ̀ sí ilé ìkàwé, kí ẹ sì fi ìyókù ta ilé tí ẹni tí kò ríran wà lọ́rẹ. Ẹ jẹ́ kí káàdì kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, ní braille àti ní lẹ́tà ńláńlá, tó ń sọ bọ́tìnnì tó ń pe ohùn. Ẹ kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ní bọ́tìnnì náà. Ọ̀sán ọjọ́ kan ti tó fún un. Ẹ pe àwọn tí kò ríran ní agbègbè Durham wá dán an wò, kí ẹ sì sanwó iṣẹ́ wọn fún wọn. Ẹ wá kọ ọ́ sínú ìlànà ìrajà yín pé láti ìsinsìnyí lọ, kọ̀ǹpútà tí kò bá lè fọhùn láti ìgbà tí a bá tàn án, ìlú Whitby kò ní rà á.

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó wà ní Brooklin, tiyín ni kí ẹ lọ jókòó níbi ìpàdé ìgbìmọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń jíròrò ìṣúná ọdún tó ń bọ̀, kí ẹ ní kí wọ́n fún yín láyè láti sọ̀rọ̀, kí ẹ sì mú àwọn àgbà wa tí ojú wọn kò ríran mọ́ dání, kí àwọn fúnra wọn sọ ohun tí wọ́n fẹ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ Yorùbá kan ní Brooklin